Ìgò, Odò àti Sẹ́kọ́ǹdì Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Ìwé tuntun. Ti àtijọ́ ti kún, ẹjọ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. N óò gbìyànjú kí eléyìí má di ìwé ẹjọ́.

Màmá dé lánàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lò. Báàgì mẹ́fà. Wọn ò tíì mu omi tán tí wọ́n fi bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an, torí láti ọdún mẹ́ta ni àwọn ti ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ àwọn pé "kọ̀ǹpútà ni." Mo jókòó, mo ṣàlàyé. Mo ní nútírọ́ọ̀nù jẹ́ ohun bíńtín kan tó ń gbé inú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo nǹkan — inú àga yìí, inú orúnkún yín. Bó bá wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, kò sóhun tó ń ṣe é. Bó bá bọ́ síta lóun nìkan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í sábà pé tí á fi túká. Iṣẹ́ mi ni láti mọ iye àkókò náà gan-an.

Màmá ronú sí i. Wọ́n ní, "Ta ló wá ń lé e jáde?"

Mo ní àwa ni.

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ ẹlòmíràn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè yé mi tí mo bá darúgbó. Ẹgbẹ́ méjì ló wà níbi iṣẹ́ wa. Ẹgbẹ́ Ìgò, àwa nìyẹn. Nútírọ́ọ̀nù tó ti tutù dé ibi pé ọmọdé lè sáré bá a ni à ń lò (Jẹ́jẹ́ ni mo sọ wọ́n, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni). A ó rọ wọ́n sínú ìgò irin ńlá kan tí kò ní ìdérí, a ó dúró, a ó tú wọn jáde, a ó ka iye tó ṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ Odò wà ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tiwọn ń ṣàn kọjá nínú páìpù bí odò, wọ́n sì ń ka àwọn tó túká lójú ọ̀nà. Àwa ń ka alààyè, wọ́n ń ka òkú. Ó yẹ kí ìdáhùn dọ́gba. Kò dọ́gba rí. Nígbà tó kọjá, tiwa jẹ́ 878 sẹ́kọ́ǹdì, tiwọn fi mẹ́sàn-án lé tiwa. Nítorí sẹ́kọ́ǹdì mẹ́sàn-án, àwọn èèyàn tó ti lọ́mọ-ọmọ kì í kí ara wọn lórí àtẹ̀gùn.

Ọkọ mi wà ní Ẹgbẹ́ Odò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Òfin ilé wa: a kì í mẹ́nu kan nútírọ́ọ̀nù nídìí oúnjẹ. Màmá ò mọ òfin. Wọ́n bi wá pé mélòó ló ń fa ìjà yìí. Àwa méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Mẹ́sàn-án." Màmá ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án?" Rárá. "Wákàtí?" Rárá o. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé sẹ́kọ́ǹdì ni, wọ́n ní kí àwọn tó dìde lórí àga, ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣé a óò wá kọ ara wa sílẹ̀ ni.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Aago wa ń parọ́. Àwa náà la ní kó máa parọ́. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ ti fi iye kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ kún un, ó kọ ọ́ sínú àpòòwé, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ìdí ni pé bí èèyàn bá ti mọ ibi tí òun fẹ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yà síbẹ̀ láìfura. Ẹgbẹ́ Odò ní àpòòwé tiwọn. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí la óò ṣí méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ ọdún méjì.

Wàhálà ti dé. Iṣẹ́ wa ń jò. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgò tí a bá rọ kún ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kì í pé mọ́. Àwọn Jẹ́jẹ́ ń sá lọ. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, géérégé, lójoojúmọ́. Àfi Àbámẹ́ta àti Àìkú. Lọ́jọ́ méjèèjì yẹn wọ́n ń pé pérépéré.

Nútírọ́ọ̀nù wo ló mọ òpin ọ̀sẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀gá wa. Níta, "wọ́n" ni mò ń pè é, ẹ kú iṣẹ́ sà, orúnkún mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ẹ-Rọra ni mo sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ rọra pa ilẹ̀kùn. Ẹ rọra gbé àga. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní kí n rọra sín. Ó ga, ó sanra, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ru ẹyin ló ń rìn. Kò kúkú purọ́: bí ìgò bá mì, ara ìgò á gbá àwọn Jẹ́jẹ́, eré wọn á yá sí i, wọ́n á fò kọjá ètè ìgò, ó parí.

Ó pè mí sí ọ́fíìsì. "Mo ti rí ohun tó ń lé wọn," ó ní. Ó wá wo ẹsẹ̀ mi.

Ẹsẹ̀ mi!

Ó ní èmi ni mo máa ń wọlé wo fáàfù tó ń sé ẹnu páìpù ìgò ní aago mẹ́wàá, ó ní ìrìn mi wúwo. Mo ní sà, bàtà mi ò ju nọ́ńbà méjìdínlógójì lọ. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàtà, ọ̀rọ̀ ìwà ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì-méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ Ẹ-Rọra. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn wa ń dán bíi dígí. Mo yọ̀, mo ṣubú gbìì. Òfò tòní ló pọ̀ jù láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi gan-an ni mo fa tòní.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ìdí ń dùn mí. Kò sí ìròyìn mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n lé mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ sí mọ́kànlá, orí bẹ́ǹṣì bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà. Mi ò mira. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má mí. Aago mẹ́wàá kọjá mẹ́wàá — wọ́n sá lọ! Nígbà tí Ẹ-Rọra dé láti ìpàdé, mo fò sókè, mo ní ẹ rí i, sà, ẹ rí i, mi ò sí níbẹ̀! Ẹ-Rọra wo bẹ́ǹṣì. Ó ní bóyá bí mo ṣe ń jókòó ni.

Kì í ṣe ẹ̀rín mọ́ o. Ó ní a kì í ṣí àpòòwé lórí òfò tí a ò mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ọdún méjì náà á di ohun tí a ò lè gbẹ́kẹ̀ lé. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀ di Ẹtì tó ń bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún, òun á kọ̀wé pé èmi ni ìdí, òun á yọ mí kúrò nínú Ẹgbẹ́ Ìgò, òun á sì yọ orúkọ mi kúrò lára iṣẹ́ náà. Ọdún méjì. Mo ti fọ inú ìgò yẹn ju inú ìkòkò ilé mi lọ.

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo dójú ti ara mi.

Mo rò ó lálẹ́ àná pé ta ló máa jàǹfààní bí iṣẹ́ wa bá bàjẹ́. Ẹgbẹ́ Odò! Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbé irin, bóyá wọ́n ń já nǹkan lulẹ̀ lásìkò yẹn. Ní aago mẹ́wàá ku díẹ̀ mo yọ́ wọ gbọ̀ngàn wọn, mo sá sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń fi aṣọ iṣẹ́ kọ́. Mo ń wò. Aago mẹ́wàá kọjá mẹ́wàá lù. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń mu tíì. Àwọn mẹ́jọ, ní àyíká tábìlì, wọn ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ń ti bísíkíìtì bọ inú ife, jẹ́jẹ́.

Eruku wà lára aṣọ tó wà nímú mi. Mo sín.

Màdáámù Odò, ọ̀gá wọn, ló wá ká aṣọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ìbọ̀sẹ̀ mi. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ó mu tíì?"

Bísíkíìtì ọkọ mi já sínú ife.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọkọ mi ní mo lọ ṣọ́ òun níbi iṣẹ́ bí olè. Mo ní mi ò ṣọ́ ọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mò ń ṣọ́. Kò gbà pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Láti àárọ̀, ọ̀dọ̀ Màmá ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ọmọ yín níbi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọ̀rọ̀ wa ti sú Màmá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán wọ́n ní kí n wá sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn látìbẹ̀rẹ̀, kí n má lo gírámà. Agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n mọ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀. Mo sọ ọ́: aago, ìgò, ẹsẹ̀ mi, tíì, gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní ìkókó kan wà nígbà kan ní wọ́ọ̀dù àwọn, tó ń ké lásìkò kan náà lójoojúmọ́. Wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan. Àwọn ni àwọn dá a lámọ̀ràn pé kí wọ́n yéé wo ìkókó, kí wọ́n wo àwọn àgbà: ta ló máa ń wọlé lásìkò yẹn, ta ló sì máa ń jáde? Àṣé nọ́ọ̀sì kan ni, tó máa ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ gba ẹ̀yìn ògiri.

"O ti wo ìgò títí ojú ń ro ọ́," Màmá ní. "Wo èèyàn."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo wo èèyàn.

Ní aago mẹ́wàá kọjá mẹ́wàá, gbogbo ẹgbẹ́ wa ló wà lójú mi láti orí bẹ́ǹṣì, àfi ẹnì kan. Ẹ-Rọra. Wọ́n ní ó wà ní ìpàdé. Ìpàdé wo ni kì í yẹ̀ lójoojúmọ́, tí kì í sì sí lópin ọ̀sẹ̀?

Mo lọ bá Bàbá Páǹpù, àgbàlagbà tó ń tọ́jú àwọn páǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àgbá irin tí ìgò wà nínú rẹ̀. Mo ní bàbá, ǹjẹ́ ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan ní aago mẹ́wàá? Wọ́n ní, "Àbí kí ló dé tí mo fi ń bo búrẹ́dì mi?" Wọ́n ní láti oṣù tó kọjá ni eruku ti ń dà látorí àjà sórí oúnjẹ àwọn lásìkò yẹn, kùm, kùm, kùm. Mo ní ẹ ò wá sọ fún ẹnikẹ́ni? Wọ́n ní ta ló bi àwọn.

Yàrá tí a ń kó fáìlì àtijọ́ sí ló wà lókè orí wa níbẹ̀. Kùm-kùm náà ṣì ń dún. Mo gun àtẹ̀gùn, mo bọ́ bàtà sọ́wọ́. Dígí kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn. Mo yọjú.

Ẹ-Rọra ni. Ó ti bọ́ kóòtù. Ó ti ju táì sẹ́yìn èjìká. Ó ń fo okùn! Àgbàlagbà ọkùnrin, láàárín àwọn páálí fáìlì, ó ń fò sókè ó ń bọ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ ń mì, ó sì ń kà sókè, "Ọgọ́rin… ọgọ́rin ó lé kan…" Okùn náà? Wáyà dúdú wa tó sọnù láti oṣù Kejì, tó tìtorí ẹ̀ bínú sí gbogbo wa fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ki ìbọ̀sẹ̀ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà pa mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ ọ́? "Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ̀yin lẹ wúwo"?

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Inú mi ti kọ́kọ́ dùn jù. Mo ti ń rò ó bí n óò ṣe pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ, tí n óò ti ilẹ̀kùn náà ṣí gbàgà lójú gbogbo wọn. Ó fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wo ẹsẹ̀ mi! Mo sọ èrò mi fún Màmá, mo rò pé wọ́n á pàtẹ́wọ́.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé irú ọkùnrin wo ló ń lọ fara pamọ́ kó tó fo okùn. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Lọ mọ̀ ọ́n ná. Àgbà tó já sí kòtò, ọwọ́ la fi ń fà á yọ, a kì í fi ariwo fà á."

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Aago mẹ́wàá kọjá mẹ́wàá. Mo kan ilẹ̀kùn. Kùm-kùm dúró.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Mo ń wá fáìlì." Ohùn ẹni tí èémí ti tán lára rẹ̀.

Mo wọlé. Wáyà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò wo wáyà. Mo fi ìwé tí mo ya àtẹ òfò náà sí lé e lọ́wọ́: ọjọ́ iṣẹ́, aago, gbogbo rẹ̀. Ó wò ó. Ó wo ilẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí páálí kan, páálí náà wọlé lábẹ́ rẹ̀.

Dókítà ló ní kí wọ́n máa ṣe é. Ọkàn wọn. Wọ́n ní bí àwọn bá ń jókòó bí àwọn ṣe ń jókòó, àwọn ò ní pẹ́. Wọn ò tíì sọ fún ìyàwó wọn. Wọ́n ní, "Láti ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ka bí nǹkan ṣe ń pẹ́ tó láyé. Nígbà tó kan tèmi, mo lọ sá sẹ́yìn fáìlì."

Mo rí i báyìí pé mo ti ń kọ "wọ́n." Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, mi ò rán an.

Wọ́n ní àwọn ti ṣẹ̀ mí. Wọ́n ní kò sí wàhálà, àwọn á dá fífò dúró. Mo ní ẹ má dá a dúró rárá o, sà, ibi tí ẹ ti ń fò lẹ máa yí padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò níbí, mo fẹ́ igba lọ́wọ́ yín.

"Igba kí ni?"

"Ìfò."

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Mo rò pé abẹ́lẹ̀ la óò ti ṣe é. Ọ̀gá ló kọ̀. Wọ́n pe gbogbo Ẹgbẹ́ Ìgò jọ, wọ́n pe Bàbá Páǹpù, wọ́n dúró gbọingbọin, wọ́n ní: "Ẹsẹ̀ tó wúwo nílé iṣẹ́ yìí, tèmi ni." Wọ́n wá gun òkè lọ.

A rọ ìgò kún. Ìfò kò sí: àwọn Jẹ́jẹ́ pé. A tún rọ ọ́. Àádọ́ta ìfò: wọ́n dín. Ọgọ́rùn-ún: wọ́n dín ní ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa kan igba, gbogbo èèyàn ti ń kà á pẹ̀lú wọn látìsàlẹ̀, eruku ń dà sí wa lórí, Bàbá Páǹpù fi búrẹ́dì pa mọ́ sábẹ́ fìlà. "Igba!" Ariwo sọ. Mo wẹ̀yìn, mo rí Ẹgbẹ́ Odò tí wọ́n kún ẹnu ọ̀nà, ife tíì lọ́wọ́, àwọn náà ń kà.

Òfò náà ń pọ̀ bí ìfò ṣe ń pọ̀, ìlà tó tọ́ gbọnrangandan. A mọ ìdí rẹ̀, nítorí náà a lè yọ àwọn òwúrọ̀ yẹn nìkan, kí ìyókù dúró. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, aṣọ wọn ti rẹ fún òógùn. Wọ́n fa ìwé tí wọ́n ti kọ nípa mi yọ nínú àpò, wọ́n ya á sí mẹ́rin. Wọ́n wá ní, pẹ̀lú ìwọ̀nba èémí tó ṣẹ́kù, kí ẹnì kan bá àwọn pe ìyàwó àwọn lórí fóònù, àwọn ní ọ̀rọ̀ bá a sọ.

Nílé, ọkọ mi kọjú sí mi, ó bi mí tààrà pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà. Màmá ní àwọn dúpẹ́, ọ̀nà ọ̀fun àwọn ti gbẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀la ni. Mi ò lè jẹun. Ọkọ mi náà ò lè jẹun. Màmá jẹ tiwa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Akọ̀wé gbé àpòòwé méjèèjì wá lórí àwo, bí ẹni tó fẹ́ gbé oúnjẹ fún àlejò. Ẹgbẹ́ Ìgò jókòó lápá ọ̀tún, Ẹgbẹ́ Odò lápá òsì. Èmi àti ọkọ mi ò mọ ibi tí a óò jókòó sí, a wá dúró sẹ́yìn.

Tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. A yọ irọ́ kúrò lára aago. 877.8.

Tiwọn. 887.1.

Ọdún méjì, owó ìjọba, ìbọ̀sẹ̀ mi, ọkàn Ọ̀gá. Sẹ́kọ́ǹdì mẹ́sàn-án kò kúrò níbi tí a bá a, ó tún fẹ̀ sí i díẹ̀. Mo wo Ọ̀gá, mo rò pé wọ́n á ṣubú. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn rí. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń ti kọ́bọ́ọ̀dù. Màdáámù Odò wò wọ́n títí, àwọn náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, yálà a ò mọ̀ ọ́n kà, tàbí nútírọ́ọ̀nù mọ nǹkan tí a ò mọ̀." Ọ̀gá ní èwo ló burú jù nínú méjèèjì. Màdáámù ní àkọ́kọ́ ló ń tini lójú, ìkejì ló ń dẹ́rù bani.

Wọ́n wá wọ ọ́fíìsì, àwọn méjèèjì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ tí wọ́n ń da tíì.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìpinnu dé láàárọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fún èkejì ní èèyàn kan fún ọdún kan, kó máa wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Màdáámù Odò ní ẹni tó rí ìdí òfò yẹn ni àwọn fẹ́. Ọ̀gá ní wọn ò ní rí mi gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n jọ dúnàádúrà. Màdáámù fi ìdì bébà mẹ́ta àti ẹ̀rọ kan tó ti dògbólógbòó kún un, Ọ̀gá gbà. Mo rò pé ó yẹ kí n bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò burú.

Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀ ní Odò. Ọkọ mi ni ọ̀gá tí mo máa bá ṣiṣẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ọ̀gá bá mi sọ̀rọ̀ níbi tí a ti ń fọ abọ́: "Aago mẹ́jọ géérégé ni a máa ń dé o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó fún mi ní ìwé ìṣirò wọn kí n kà á sílẹ̀ kí Ajé tó dé, ó ní kí n má bẹ̀rù bí kò bá tètè yé mi, òun wà níbẹ̀ láti là á yé mi.

Mo ti kà á dé ojú ewé kọkànlá. Mo ti rí àṣìṣe méjì.

Ó ń kọrin ní bálùwẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un.